Àkeekèé Ilé, Àkeekèé Ojú Ọ̀run

Ní ilé wa ní Kanvili, ní ìlú Tamale ní Ghana, ẹnikẹ́ni kì í ti ẹsẹ̀ bọ bàtà láìkọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló fi òfin yẹn lélẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀: "Sàfí, ṣé o ti gbọ̀n ọ́n?" Màá gbá bàtà náà mọ́ ara ògiri, pà, pà. Lọ́pọ̀ ìgbà, iyanrìn nìkan ló máa ń dà jáde. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àkeekèé á jábọ́, á gbé ìrù sókè bí ẹni tí wọ́n jí kó tó sùn tẹ́rùn, kí n sì tó lanu, Ìyá Àgbà á ti fi ìdí ọmọrogùn àlòkù tẹ̀ ẹ́ pa. Á tún padà sídìí kosé rẹ̀. Kosé ni gbogbo Tamale ń pe àkàrà, Ìyá Àgbà kò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tó máa ń bá èèyàn jà lé lórí ni kí wọ́n bu omi sí ẹ̀wà lílọ̀ kó tó tó àsìkò. Ìró epo gbígbóná ni aago ìjí wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn awó á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, alùpùpù á máa dún lójú títì, àwọn ọmọ kéú á sì ki ohùn bọ ẹ̀kọ́ níwájú ilé, oníkálùkù pẹ̀lú wàláà rẹ̀, kò sí ẹni tó ń ka ohun tí ẹnì kejì ń kà. Mo mọ àkeekèé inú bàtà dáadáa. Òmíràn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù wá lójú ọ̀run, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìgbéyàwó rú nílé wa.

Àwọn òbí mi ń ṣòwò ní Kumasi nígbà náà, ọ̀dọ̀ Baba àti Ìyá Àgbà ni wọ́n fi mí sí kí n lè kéú dáadáa. Àlùfáà ni Baba, bàbá tó bí bàbá mi, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Tamale, èèyàn gíga tó rọra máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Yorùbá ni a ń sọ nínú ilé, Hausa ni a ń sọ lẹ́nu ọ̀nà, Dagbani lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé. Èmi gbọ́ Yorùbá ju bí mo ti lè sọ ọ́ lọ. Bí mo bá fi Hausa dá Ìyá Àgbà lóhùn, yóò ṣe bí ẹni tí etí rẹ̀ ti di títí n ó fi yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nítorí náà, mo tètè kọ́ bí a ti ń dákẹ́ ronú kí n tó sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú ilé pè é ní ìtìjú. Mo rò pé ìtumọ̀ tí mo ń ṣe nínú orí mi ni, ṣùgbọ́n n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ìtìjú kò sí níbẹ̀ rárá.

Lára ohun tí Baba ń kọ́ àwọn ọmọ kéú tó ti dàgbà ni ilé ìràwọ̀ méjìlá. A kò tíì dàgbà, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ wọn, a sì há a sórí bí orin: Hamali, Sauru, Jauza, Saratani, Asadu, Sumbula, Mizani, Akrabu, Kausu, Jadiyu, Dalwu, Hutu. Àgbò ni ti àkọ́kọ́, ẹja ni ti ìkẹyìn. Akọ màlúù, ìbejì, kìnnìún, òṣùwọ̀n àti àwọn yòókù wà láàárín. Àwọn èèyàn máa ń wá láti Dungu àti láti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ kí Baba bá wọn wo ìràwọ̀ tí wọ́n bọ́ sí. Bó ti ń ṣe é kò fara sin. Lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Baba á kó iye lẹ́tà orúkọ rẹ jọ, á kó ti orúkọ ìyá rẹ mọ́ ọn, á wá máa yọ méjìlá-méjìlá kúrò nínú rẹ̀. Ibi tí èyí tó ṣẹ́ kù bá bọ́ sí, ilé rẹ nìyẹn. Ní ọjọ́ tí ó ṣe tèmi, ó ṣe é, ó tún un ṣe, ó wá wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Akrabu," ló wí. Àkeekèé. Ìyá Àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà kò gbé ojú sókè. "Mo ti fura," ló sọ. Àǹtí Memuna, àbíkẹ́yìn Baba, tó máa ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Dungu lójoojúmọ́, rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa gbọ̀n bàtà dáadáa o," ló wí. "Sàfí lè wà níbẹ̀."

Mo fẹ́ mọ ibi tí ó wà. Ìyẹn ni ìbéèrè tí mo gbé lọ bá Baba, mo sì rò pé ìbéèrè tó rọrùn ni. Bí wọ́n bá ní mo ní ilé kan lójú ọ̀run, ó yẹ kí ẹnì kan lè nàka sí i. Baba rẹ́rìn-ín músẹ́. "Inú ìwé ló wà, ìyá mi. Ó wà lókè náà, ṣùgbọ́n àlùfáà tó kọ́ mi, inú ìwé ló ti kọ́ mi. Bí mo bá mọ ọjọ́ oṣù, tí mo mọ ibi tí oòrùn dé, mo lè jókòó sínú yàrá kí n sọ ilé tí oṣù wà fún ọ." Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ rí i.

Fóònù Àǹtí Memuna ló ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà, Fúsénì, ọmọ ẹ̀yà Dagomba láti Kpalsi, nọ́ọ̀sì ni. Òun ló fi nǹkan kan sínú fóònù náà, tó jẹ́ pé bí o bá gbé e kọjú sí ojú ọ̀run, yóò kọ orúkọ àwọn ìràwọ̀ tó wà níwájú rẹ, yóò sì fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. Mo rò pé ohun tí Fúsénì ń wá ni kí àwọn méjèèjì máa wo ibì kan náà ní àkókò kan náà, òun ní Kpalsi, Àǹtí ní Kanvili. Ohun tó rí gbà ni pé èmi àti Àǹtí ń wò ó. Ní ìgbà ooru, gbogbo ilé máa ń tẹ́ ẹní síta. Iná ìjọba á lọ, ariwo á kọ́kọ́ sọ ní gbogbo àdúgbò, lẹ́yìn náà ibi gbogbo á dákẹ́, ojú ọ̀run á sì sún mọ́lẹ̀. Àǹtí á na fóònù sókè, èmi á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìka. Àwọn tó fún pọ̀ bí ọmọ adìyẹ ni Ìyá Àgbà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń pè wọ́n ní Adìyẹ Ọlọ́mọ, bí àwọn Hausa ṣe ń pè wọ́n. Èyí tó pupa nítòsí wọn ni ojú akọ màlúù. Ìbejì dúró ti ara wọn lápá ibòmíràn, wọn kò jọra tó ìbejì. Kìnnìún sì dà bí dòjé tí ẹnì kan gbàgbé sórí òkè àjà.

Mo sọ fún Àǹtí pé wọn kò jọ ohun tí wọ́n ń pè wọ́n. Ó ní, "Tò, ìwọ náà kò jọ àkeekèé." Díẹ̀díẹ̀ ni mo rí ọgbọ́n kan dá: kí n má ṣe wá ẹranko, kí n wá ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí n sì bi í pé ta ló jókòó tì í. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é. Ìyá Àgbà máa ń dá sí i láti orí ẹní tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ìràwọ̀ ńlá kan dúró ti oṣù, mo ní ó ń bá oṣù rìn, bóyá ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní, "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dúró tì ọ́ lo bí." Ó yí padà, ó sùn. Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún mi lẹ́yìnwá ọ̀la ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ.

Ṣùgbọ́n àkeekèé kò yọ. Àǹtí wò ó nínú fóònù, ó ní ìgbà tí mo bá ti sùn fọnfọn ló ń yọ, kí n ní sùúrù, pé nígbà òjò á máa wà lókè ní àsìkò Ìṣáì. Mo dúró. A jẹ máńgòrò tán, òjò bẹ̀rẹ̀, a kó ẹní wọlé. Ìkùukùu wá di ọ̀tá mi. Nígbà tó yá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, mo ń da omi ìfọwọ́ nù lẹ́yìn ilé, mo gbójú sókè sí apá àárín ìlú, mo sì rí i. N kò nílò fóònù. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló jọ orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ wà, ìràwọ̀ tó tò ní ìlà kan. Ọkàn rẹ̀ pupa bí ẹyín iná tí wọ́n fẹ́ eérú kúrò lára rẹ̀. Ìrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gùn, ó ká, ó sì gbé orí oró sókè, gẹ́gẹ́ bí ti èyí tó máa ń jábọ́ láti inú bàtà. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ òfìfo títí Ìyá Àgbà fi béèrè bóyá kànga ni mo fẹ́ gbẹ́. Ọmọdé ni mí, n kò ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ṣe mí. Ohun tí mo lè sọ nísinsìnyí ni pé wọ́n ti ń fi nǹkan kan ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ láti oṣù mélòó kan, mo wá rí i pé òun ló rẹwà jù lókè níbẹ̀.

Láàárín ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ Fúsénì ti di ọ̀rọ̀ ilé. Ó máa ń wá kí Baba ní ìrọ̀lẹ́, ó ti kọ́ ìkíni Yorùbá kan ṣoṣo, ìyẹn náà sì ni ó ń lò ní gbogbo ìgbà. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, á ní, "Afa, ẹ káàárọ̀ sà." Àwa ọmọdé á sá lọ sẹ́yìn ilé lọ rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ní kí a fi í sílẹ̀: "Ẹni tí ilẹ̀ ń mọ́ fún ní gbogbo ìgbà, ẹni rere ni." Baba wo ìràwọ̀ wọn. Fúsénì bọ́ sí Hutu, ẹja. Àǹtí bọ́ sí Saratani, alákàn. "Inú omi kan náà ni wọ́n ń gbé," ni Baba wí, ó sì dùn mọ́ ọn. Ìyá Àgbà ní, "Alákàn a máa jẹ ẹja." Àǹtí ní, "Mo ti gbọ́, mà." Wọ́n mú ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù tó ń bọ̀ fún yìgì, nítorí pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ Fúsénì lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà ìlú Wa, ní ọjọ́ Àtìní tó tẹ̀ lé e ló sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, kò mọ ìgbà tí wọ́n tún máa fún un láyè.

Ní ọjọ́ Àlàrùbá ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó náà ni Baba jáde láti inú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ní oṣù yóò wọ ilé Akrabu ní àárọ̀ Àlàmísì, kò ní jáde títí di ọ̀sán Sátidé. Gbogbo àlùfáà tí mo mọ̀ nígbà náà ló ń sá fún un: bí wọ́n bá so yìgì nígbà tí oṣù wà nínú Àkeekèé, wọ́n ní ìyàwó kò ní pẹ́ nílé ọkọ. "N kò ní so yìgì ọmọ mi sórí ìrù àkeekèé," ni Baba wí. "Sọ́ńdè ni ká ṣe é." Ìyá Àgbà ní àwọn èèyàn ti gbọ́ Jímọ̀. Baba ní kí wọ́n tún gbọ́ Sọ́ńdè. Kò sí ẹni tó bínú. Ṣùgbọ́n gbogbo wa rí ojú Àǹtí Memuna, a sì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan ti wà ṣáájú Fúsénì. Wọ́n sún ọjọ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí ìràwọ̀, wọ́n sún un lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ààwẹ̀ ti sún mọ́lé, nígbà tí ààwẹ̀ sì parí, ọkùnrin náà ti gbé ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà ni Ìyá Àgbà ti máa ń sọ pé ọjọ́ ìgbéyàwó dà bí túwò: o lè gbé e kúrò lórí iná lẹ́ẹ̀kan kí o tún gbé e padà, ẹ̀ẹ̀kejì, ó di omi.

Mo gbọ́ orúkọ àkeekèé lẹ́nu gbogbo èèyàn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó fi ẹnu rere pè é. Ó dùn mí bí ẹni pé wọ́n ń bú ìbátan mi. Mo fẹ́ jáde lọ wo oṣù nínú ilé rẹ̀, bóyá ó ń ṣe nǹkan burúkú kan tí èèyàn lè fi ojú rí, ṣùgbọ́n ìkùukùu bo ojú ọ̀run láti Àlàrùbá. Òjò ń rọ̀, ó ń dá, ó ń rọ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé ló tó dá pátápátá. Ilé kún. Wọ́n ń gé àlùbọ́sà, wọ́n ń lọ ata, àwọn awó Ìyá Àgbà tí kì í jẹ́ kí a sùn ti wà nínú agbọ̀n láìlóhùn, ó ń hú ìyẹ́ wọn. Lẹ́yìn Mọ̀gàríbì, wọ́n ní kí n lọ da omi ata nù. Mo dé ẹ̀yìn ilé, mo gbójú sókè bó ti di àṣà mi, mo sì rí oṣù. Ó ti tóbi ju ìlàjì lọ díẹ̀. Ó jókòó sórí àkeekèé gan-an, ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ọkàn pupa yẹn sì wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń lọ. Mo ti wo oṣù tó láti mọ bó ti ń rìn láti alẹ́ kan dé èkejì. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìka. Ní àárọ̀ ọ̀la, nígbà tí wọ́n bá ń so yìgì, á ti dé orí ọkàn náà.

Àǹtí Memuna jókòó sórí ẹní nínú yàrá, lálì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ti fi ọ̀rá wé e.

"Àǹtí, oṣù wà lórí Àkeekèé."

"Baba ní ó ti jáde lọ́sàn-án."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ló wà nísinsìnyí."

Ó wò mí bí ó ti máa ń wo aṣọ tí ó ti gé tán kó tó rí i pé ìwọ̀n rẹ̀ kò pé. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ló wà. Kò dá mi lójú pé ó burú."

N kò lè búra pé mo sọ gbólóhùn kejì yẹn. Àǹtí ló máa ń búra pé mo sọ ọ́. Ó ní kí n fà á dìde. Ó fi gìgísẹ̀ rìn jáde, ó ń ta gọ́ìgọ́ì bí awó tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, ó dì mí léjìká mú. Ó wò ó. "Kai," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó mà rẹwà."

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Tò. Pa ẹnu dé."

Mo pa á dé. A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ó fi dúró. "Lọ pe Baba."

"Ẹ ní kí n pa ẹnu dé."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. N kò fẹ́ jí ìgbéyàwó ara mi gbé, Sàfí. Bí mo bá dákẹ́ lónìí, ìgbàkígbà tí èmi àti Fúsénì bá jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, màá máa wo òkè."

Baba wà lórí awọ àgbò rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Mo sọ fún un pé Àǹtí ní kó wá wo nǹkan kan, oṣù ni. Ó ní, "Oṣù tí mo ti ń wò kí wọ́n tó bí bàbá rẹ?" Ṣùgbọ́n ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wa, ìyẹ́ awó kún ọwọ́ rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn Baba, mo di ọwọ́ rẹ̀ tó mú ọ̀pá mú, mo sì na orí ọ̀pá náà sókè. "Èyí tó pupa yẹn ni ọkàn, Baba. Àwọn tó tò yìí ni orí. Ẹ wo oṣù láàárín wọn. Ìrù ló sọ̀ kalẹ̀ yẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Fóònù Àǹtí."

"Fóònù náà ti ń kéú?"

"Rárá, Baba. Ṣùgbọ́n ẹ tọ ìrù rẹ̀ lọ."

Ó fi orí ọ̀pá tọ ọ́, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ó dé ibi tí ó ti ká, ó bá a ká, ó dé orí oró, ó dúró. Mo gbọ́ tí ó mí. "Akrabu nìyí lóòótọ́," ló wí, bí ẹni tó ti ń gbọ́ òkìkí èèyàn kan láti ìgbà pípẹ́ tó wá bá a pàdé lójú ọ̀nà oko. Ìyá Àgbà kò dúró gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Bí ẹ bá tún fẹ́ sún un, ẹ kọ́kọ́ jí àwọn awó mi dìde. Mo ti hú ìyẹ́ wọn." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Baba yíjú sí Àǹtí. "O ò bá ti dákẹ́, kí o má pè mí."

"Mo fẹ́ kí ẹ so yìgì náà pẹ̀lú ojú yín ní lílà, Baba. Bí ẹ bá ní kí a dúró, màá dúró."

Baba tún wo òkè. Èmi ló wá kọjú sí. "Sàfí, ilé wo lo bọ́ sí?"

"Akrabu, Baba."

"Kí lo jẹ lánàá?"

"Túwò pẹ̀lú ọbẹ̀ ayòyó."

"Ta ló fún ọ?"

"Ìyá Àgbà."

"Ṣé o ti ta ẹnikẹ́ni rí nínú ilé yìí?"

Mo ronú dáadáa, nítorí pé mo rí i pé ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni. "Mo ti gé ọmọ kéú kan jẹ rí, Baba."

Àǹtí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà Ìyá Àgbà. Baba ṣe sùúrù títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán. "Ìyẹn kì í ṣe títa," ló wí. "Ilé tí àkeekèé ń gbé, tó ń jẹ túwò ibẹ̀ lójoojúmọ́, kí ló tún ń bẹ̀rù lọ́wọ́ èyí tó wà lókè? Lọ́la, ìwọ lo máa jókòó ti ìyàwó. Bí ẹni òkè bá fẹ́ bínú, kó bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Sọ́ńdè ni. Memuna, wọlé, lálì rẹ ń bàjẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti Àǹtí lọ́jọ́ kejì, nínú aṣọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fún mi, láti ìgbà tí wọ́n gbé obì gòrò dé títí wọ́n fi so yìgì, mo sì dúró bí ọlọ́pàá. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iwájú mi kọjá. Fúsénì dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà ní ọ̀sán ganrínganrín, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," òun náà sì dá a lóhùn pé, "Káàárọ̀, ọkọ mi." Ní ìdájí Àtìní, wọ́n lọ.

Wọ́n ti padà sí Tamale báyìí, Kpalsi ni wọ́n ń gbé, ọmọ wọn kún ilé. Wọ́n máa ń jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀ dáadáa. Mo bi Àǹtí léèrè bóyá ó ń wo òkè nígbà náà. Ó ní òun ń wò ó, bóyá òjò fẹ́ rọ̀ sórí aṣọ tí òun sá. N kò sọ pé èyí jẹ́rìí sí ohun kan. Ká ní ìgbéyàwó náà tú, ìyẹn náà kò ní jẹ́rìí. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀kan kò tó láti fi mọ òfin. Ohun tí mo mọ̀ dájú kò ju pé mo rí ọmọbìnrin kan tó fi ohun tó fẹ́ jù lọ láyé sí ọwọ́ bàbá rẹ̀, mo sì rí bàbá kan tó wá ọ̀nà láti dá a padà fún un láìfi ìwé rẹ̀ sọ̀kò.

Fíṣíìsì ni mo kà ní yunifásítì, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ yẹn. Ilé ayé ń yí bí òkòtó, bí òkòtó sì ti máa ń fi orí yí díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń jó, bẹ́ẹ̀ ni ayé ń ṣe, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹ̀mí èèyàn kan kò tó láti fi rí i. Ilé méjìlá inú ìwé dúró ti oòrùn àti àsìkò ọdún. Àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ ti sún kúrò níbẹ̀ láti ayébáyé. Ìwé Baba kò parọ́. Ojú mi náà kò parọ́. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi tí mo wá sílé, mo jókòó sí ẹsẹ̀ Baba, mo fi ọsàn àti òkòtó ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ronú. Ó wá béèrè ohun tí mo ti ń gbàdúrà pé kó má béèrè.

"Tò, ní Jímọ̀ tí mo sá fún yẹn, ilé wo ni oṣù wà lójú ọ̀run?"

"Mizani, Baba. Inú òṣùwọ̀n ló wà, kò tíì dé ọ̀dọ̀ Àkeekèé."

Èjìká Baba bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo sì rò pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́, kí n tó rí i pé ẹ̀rín ló ń rín. "Má sọ fún Memuna," ló wí.

N kò sọ fún un. Ojú Baba ti di bàìbàì báyìí, kò rí ìràwọ̀ mọ́, àfi ìmọ́lẹ̀ oṣù tó bá tóbi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà òjò, bí mo bá wà nílé, lẹ́yìn Ìṣáì, yóò ní kí n gbé àga òun lọ sẹ́yìn ilé. Màá dúró sẹ́yìn rẹ̀, màá di ọwọ́ rẹ̀ tó mú ọ̀pá mú, a ó sì jọ tọ ìrù náà lọ láti ọkàn dé orí oró, ibi tí ó ti ká, a ó bá a ká.

"Ẹbí rẹ ti dé?" ni yóò béèrè.

"Ó ti dé, Baba."

"Oṣù ńkọ́? Ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Kò tíì débẹ̀, Baba. Bóyá lọ́túnla."

"Tò. Kó máa bọ̀," ni Baba á wí, á sì fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀. "A wà nílé."